Àlejò Tó Padà Dé

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í pe nǹkan oṣù lórúkọ. Àlejò là ń pè é. Bí ìyá mi bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti rí i, á bi mí pé ṣé àlejò mi ti dé, bàbá mi á sì máa jẹun rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dání wá sí Onitsha nígbà tí ọkọ mi mú mi wá síbí, òun ni mo sì ń lò títí àlejò náà fi bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ, mi ò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo ti bí àwọn tí màá bí, ọkọ mi sì ti ṣaláìsí. Mo ní ó kú iṣẹ́, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Ó ti lé lọ́dún kan dáadáa tó ti lọ kí n tó tún rí i. Àárọ̀ ni, mo ń múra ọjà, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aṣọ mi. Mo fọ aṣọ náà, mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó tún dé, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìtìjú ibẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Èmi tí mo ti ní ọmọ ọmọ, mo tún wá ń ra páàdì, mo ń fi láílọ́ọ̀nù dúdú dì í bí ọmọ ilé ìwé.

Òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ni mo ń tà fún àwọn télọ̀. Obìnrin Ìgbò kan ló ni ìsọ̀ tó kan tèmi, a ti jọ wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló bá mi ti ìsọ̀, òun náà ló sì bá mi ṣí i. Nwanne m ló ń pè mí, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá òun ni mí. Bí ẹnì kan bá wà ní gbogbo Onitsha tí ó yẹ kí n sọ ọ́ fún, òun ni. Mo yíjú sí i lọ́jọ́ kan, mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìgbò tí mo gbọ́, Ìgbò ọjà ni. Mo lè fi yọwó ọjà. Mo lè fi kí ọlọ́fọ̀, mo sì lè fi bú ẹni tó bá ti ọmọlanke gun ẹsẹ̀ mi. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní Ìgbò rẹ̀. Píjìn wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n Píjìn ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́, bí mo bá fi sọ ọ́, yẹ̀yẹ́ ni yóò dà. Gẹ̀ẹ́sì, ti àwọn ọmọ mi ni. Yorùbá ló kù, Yorùbá náà sì rèé, gbogbo ibi tó ń dùn mí ni wọ́n ti fi aṣọ bò. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní ṣéńjì lọ́wọ́, mo yíjú padà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí wà ní Port Harcourt pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Onitsha ni wọ́n bí i sí. Bí ó bá ń sọ Ìgbò, ẹ ò ní mọ̀ pé ilé wa ni ó ti jáde, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò kọjá ẹ káàárọ̀, mo ti jẹun, mo fẹ́ sùn. Kò mọ “ẹ” lò fún àgbà. “O” ló ń pè mí láti kékeré, bàbá rẹ̀ bá a jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú u. Mo pè é lórí fóònù, mo ní àlejò mi ti padà dé. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá ará Ìsẹ́yìn ni. Mi ò mọ bí mo ṣe lè yí i padà, ni mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni àtijọ́ ni. Ó ní kí n se oúnjẹ tó dáa fún un, kí n má jẹ́ kó sùn sílẹ̀. Nígbà tó tún pè, ó béèrè bóyá àlejò náà ti lọ. Mo ní kò tíì lọ. Ó ní àlejò wo nìyẹn tí kò mọ̀ pé ilé onílé lòun wà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín tán, omi ojú kò tán.

Lọ́jọ́ Sunday, ní àsàlátù, mo jókòó sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù dìde láti kírun. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí ìjókòó yẹn ń sọ, nítorí ẹni tó ń rí nǹkan oṣù kì í kírun. Àwọn ọmọge ló máa ń jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa fi fóònù wọn ṣeré, wọn kì í sì í ka ẹnikẹ́ni sí. Mo jókòó sí àárín wọn, mo ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, Alhaja tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa tọ̀ mí wá, ó gbá mi léjìká, ó ní, “Ẹ kú oríire o. Ọlọ́run ti dá ìgbà yín padà.” Ó ní bí ọkọ kan bá wà nílẹ̀ ni, à bá máa retí ìkómọ. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí gan-an. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi padà sí Obosi níbi tí mo ń gbé, mo ń bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ oríire ni, kí ló dé tí mo ń fi láílọ́ọ̀nù dúdú di páàdì.

Òjò kan wá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò jẹ́ kí oníbàárà kankan yọjú. Ibẹ̀ ni mo ti gbé fóònù mi jáde, tí mo ní màá bi í. Fóònù kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ròyìn ẹni fún ará àdúgbò. Mo tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá pé àlejò mi padà dé. Ó kó ilé ìtura jáde fún mi, ó kó bí a ṣe ń gbàlejò jáde, ó tún kó àdúrà tí a ń ṣe fún àlejò tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá mi máa ń lò, àṣẹ́, tó jẹ́ orúkọ nǹkan oṣù gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù tèmi kò ní àmì ohùn, àṣẹ́ àti àṣẹ ò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ló bá tú ìwúre lé mi lórí, àwọn wòlíì tó ń pàṣẹ àti àwọn ọba tó mú ọ̀pá dání. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ sínú àgbàrá.

Nígbà tí mo wá tẹ ẹ̀jẹ̀ àti obìnrin pọ̀, ọkùnrin kan jáde nínú fídíò, ó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kí ènìyàn kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin ìyá mi” ló ń pè wá. Ó ní bí àgbàlagbà obìnrin bá tún rí ẹ̀jẹ̀, kí ó má fòyà, ìdọ̀tí tó ti pẹ́ nínú ilé ọmọ ló ń jáde, tíì tí òun ń tà yóò sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Àìmọye obìnrin ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ fídíò náà. Ara tù mí. Mo wo fídíò yẹn ní àwòtúnwò, kì í ṣe nítorí tíì náà nìkan. Èdè mi ló fi ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ ara mi, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi nílùú yìí.

Àmọ́ àwa tí a ń ta òwú ní Onitsha, a kì í fi ojú lásán ra òwú. Bí ẹni tó kó o wá bá ń yìn ín, bí góòlù bá pọ̀ lára páálí rẹ̀, a máa ń fà á wò ni, bóyá yóò já. A á tún fi omi pa á, a á fi ra aṣọ funfun láti mọ̀ bóyá aró rẹ̀ ń ṣí. Nígbà tí ara tù mí tán, ọwọ́ ọjà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ìdọ̀tí ni nígbà tí kò tíì yẹ̀ mí wò, tí kì í bá sì í ṣe ìdọ̀tí ńkọ́, kí ló tún lè jẹ́. Ó yá a lára láti dáhùn. Ó ní mi ò ní fi ojú sunkún ọmọ, àwọn ọmọ mi ni yóò sin mí, ilé mi ò ní dàrú. Àdúrà náà gùn, mo sì ṣe àmín sí i, nítorí a kì í kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n kò dáhùn ẹyọ kan nínú ohun tí mo bi í, nọ́ńbà àkáǹtì ló fi parí rẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo pa fídíò náà dé, ó sì dùn mí bí ẹni pé ará ilé mi kan ló rẹ́ mi jẹ.

Ni mo bá kọjú sí ti gẹ̀ẹ́sì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, gẹ̀ẹ́sì mi ń tiro. Mo rí ojúewé kan tí àwọn dókítà kọ, kò ní àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín rárá. Mo ní kí fóònù bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun tó kọ fún mi ni pé, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lára rẹ̀ lẹ́yìn tí àsìkò rẹ̀ ti dópin, kó lọ rí dókítà kíá. Mo ka ibi tó ní àsìkò mi ti dópin, ọkàn mi fò lọ. Mo jókòó sórí páálí òwú, mo ń ronú ẹni tí yóò gba ìsọ̀ mi, mo ń ronú bóyá Obosi ni wọn yóò sin mí sí tàbí wọn yóò gbé mi lọ sílé. Ó pẹ́ kí n tó padà sí gẹ̀ẹ́sì náà fúnra mi, tí mo ń fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí fóònù pè ní àsìkò, “period”, nǹkan oṣù ni gẹ̀ẹ́sì ń fi pè. Àwọn òyìnbó náà ti fi aṣọ bo tiwọn. Ẹ̀rín pa mí, èmi nìkan, nínú òjò.

Mo wá fa òwú yìí náà wò. Orúkọ àwọn dókítà tó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Wọn ò ta nǹkan kan. Wọ́n sọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́, wọ́n sì sọ pé kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ènìyàn wò. Mo lọ sí ojúewé mìíràn, ti orílẹ̀-èdè mìíràn, bí ẹni tó ń béèrè iye ọjà ní ìsọ̀ kejì kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Bí nǹkan oṣù bá ti lọ fún ọdún kan tí ẹ̀jẹ̀ tún wá, kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ohun tó burú. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ni, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ó ṣeé wò. Kò sí ibi tí wọ́n ti kí mi kú oríire. Kò sí ẹ̀yin ìyá mi níbẹ̀, kò sí àdúrà. Òótọ́ tó tutù bí omi inú fíríìjì ni, mo sì gbà á gbọ́ nítorí pé kò gbìyànjú láti tù mí nínú. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè rí ohun tó ń wá kí ó sì tún dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ta á létí Alhaja láìdárúkọ rẹ̀, mo ní mo ka nǹkan kan lórí fóònù. Ó ní kí n yé kó àìsàn lé ara mi lórí, pé fóònù ló ń pa àwọn èèyàn ìsinsìnyí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀sìbítù kan ní Trans-Nkisi, mo sọ fún aládùúgbò mi ní ọjà pé mo fẹ́ lọ wo ojú.

Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré sí ọmọ mi. Ó béèrè pé, “Mama, who follow you come?” Mo ní kò sí ẹnì kankan. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì lè wọlé. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlejò, mo mọ̀ pé kò ní yé e. Mo gbá etí gèlè mi mú, mo ní, “Blood dey come out for my body. E don stop before. Now e don come back.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dárúkọ rẹ̀ lójúkojú ènìyàn láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, Píjìn ni mo sì fi sọ ọ́. Kò di yẹ̀yẹ́. Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo ṣe dáadáa tí mo wá, ọ̀pọ̀ kì í wá. Ó dùn mí pé àjèjì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Wọ́n yẹ inú mi wò, wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹran ara ibẹ̀ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ro mí. Nọ́ọ̀sì ní kí n mí kanlẹ̀, kí n di ọwọ́ ẹni tó bá mi wá mú, kí ó tó rántí pé mo dá wá ni. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi, mo dì í mú. Nígbà tí mo jáde, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, nítorí mi ò fẹ́ padà sí ilé tí kò sí ẹni tó máa bi mí pé báwo ni.

Àwọn ọjọ́ tí mo fi ń retí èsì, ọjà ni mo ń lọ. Mo ń fa òwú, mo ń ka bọ́tìnnì, mo ń bá télọ̀ jà. Aládùúgbò mi béèrè bóyá wọ́n fún mi ní ìgò ojú. Mo ní wọn ò tíì fún mi. Ọmọ mi pè, ó ní ṣé àlejò ṣì wà. Mo ní ó wà.

Nígbà tí mo padà lọ gba èsì, dókítà fa àga sún mọ́ mi. Ó ní kò tíì di jẹjẹrẹ. Ó ní ara inú ibẹ̀ ti nípọn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, bí a bá fi í sílẹ̀ ibi tó ń lọ nìyẹn. Ó ní ohun tó dára jù fún ọjọ́ orí mi ni kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, pé lẹ́yìn ìyẹn ọkàn mi á balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n lọ mú ẹnì kan wá ká lè jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Mo ní ó dáa, bí ẹni tí ẹni náà ń dúró dè nísàlẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ kékeré lẹ́yìn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe ohun tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn ní gẹ̀ẹ́sì, dókítà ti sọ ọ́ létí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà lára mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò fẹ́ fi èdè ẹlòmíràn dágbére fún un.

Mo ní, “Wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ mi.”

Ó ní ilé wo. Ó ní ilé ọmọ wo, ṣé ti ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni, ta ló fẹ́ lé wọn jáde, ṣé lańlọ́ọ̀dù ni. Inú ti ń bí i gan-an sí lańlọ́ọ̀dù náà. Ó ní òun yóò pè é, kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀.

“Kì í ṣe ilé tí à ń gbé,” ni mo wí. “Ibi tí ìwọ gbé nínú mi kí n tó bí ọ ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Òun ni mo ń pè ní àlejò.”

Igbe ọmọ náà ṣì ń lọ. Mo gbọ́ tí ọmọ mi sọ Ìgbò díẹ̀ sí ẹnì kan, tó gbé ọmọ fún un, mo sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì. Ó wá rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ń tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀sìbítù láti ìgbà yìí. Mo ní kò sí. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀, mímí ẹni tó ti ọwọ́ bo ẹnu kí ẹkún má baà jáde.

“Mama, má dá lọ mọ́,” ni ó wí. “Dúró dè mí.”

Mo ní màá dúró.